Ta ni ọmọ tí kò mọ ẹnì kankan yóò mọ̀ kí ó tó rí iṣẹ́ ìjọba?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nífẹ̀ kọ ọ́ báyìí:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Mo wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka Public Administration ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Iléṣà sì ni mí. Ìyá mi ń ta gàrí ní ọjà Atákúmọ́sà, káfíńtà ni bàbá mi. Nínú gbogbo ẹbí wa, kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìjọba rí àfi ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí òun náà sì ti fẹ̀yìn tì.

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkàn mi fà sí. Olùkọ́ kan sọ fún wa ní kíláàsì pé kí a ti máa mọ ènìyàn láti ìsinsìnyí, kí a má ṣe dúró di ìgbà tí a bá parí ètò àgùnbánirọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tí ó ń dọ́gbọ́n sọ ni pé kí kálukú lọ wá bàbá ìsàlẹ̀ tirẹ̀. N kò rò pé ohun tí ó ní lọ́kàn nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé irú ènìyàn wo ni akẹ́kọ̀ọ́ bí tèmi yìí lè mọ̀, níbo ni yóò ti bá wọn pàdé, kí sì ni ó tọ́ kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn?

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Abẹ́rẹ́ fèsì:

Ọmọ mi, kí o tó máa wá ẹni tí o máa mọ̀, kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n fi odidi ọdún tẹ̀lé olùdarí kan kiri, tí wọ́n ń bá a gbé báàgì, bẹ́ẹ̀ olùdarí ọ̀hún kò ní àṣẹ kankan lórí ibi tí wọ́n fẹ́ wọ̀.

Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó ń gbani sí i. Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mínísítà ń darí, Federal Civil Service Commission ni ó ń gba àwọn tí wọ́n kàwé jáde, ìpele 08 sì ni ẹni tí ó ní dìgírì máa ń gbà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ipò tí ó wà láti ìpele 06 sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti gbà fúnra rẹ̀. Àwọn àjọ tí wọ́n ní ìgbìmọ̀ alákòóso tiwọn ni wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ Immigration, Civil Defence, iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tàbí iṣẹ́ panápaná ti ìjọba àpapọ̀, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní CDCFIB ni ó ń gba gbogbo wọn. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, àjọ kan ń gba àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ní Abẹ́rẹ́, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà, òmíràn ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olùkọ́ náà sì ní tiwọn.

Nítorí náà, kọ orúkọ ibi mẹ́ta tí o fẹ́ wọ̀ sílẹ̀, kí o wá ìdí bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń gba ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ta ni o mọ̀ yóò tó ní ìtumọ̀.

Ará Mọrèmi Tẹ́lẹ̀ fèsì:

Mo kí Bàbá. Ifẹ̀ ni mo ti kàwé jáde, ilé gbígbé Mọrèmi ni mo sì gbé, kí n tó wá sí Àbújá níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba báyìí. Mo fẹ́ fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà rò ó.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999, ní abala 14(3), sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ ni yóò kún inú ìjọba. Àjọ Federal Character, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ni ó ń mójú tó èyí. Ohun tí ó túmọ̀ sí fún ìwọ ni pé, bí a bá ń pín ipò láàárín ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun ẹlẹgbẹ́ rẹ ni ẹ jọ máa du ipò náà. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà, tí ó jẹ́ ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Kogí, kò sí lójú ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ, ẹ kò sì ní ìdí láti máa fi ìròyìn pa mọ́ fún ara yín. Mo sọ èyí nítorí pé mo mọ bí àwa ọmọ Ifẹ̀ ṣe máa ń ṣe nígbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde: oníkálukú a rọra máa kọ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ìlànà àjọ yìí ni pé kí a kéde ipò tí ó ṣófo nínú ìwé ìròyìn méjì, ó kéré tán, tí wọ́n ń kà káàkiri orílẹ̀-èdè, kí a sì fún àwọn ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ 6 láti fi ìwé sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6 kò pẹ́ fún ẹni tí kò tíì ní ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Bí o bá wá sí Iléṣà fún ìsinmi, lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín kí o gba ìwé náà. Iṣẹ́ tí àwọn tí mo mọ̀ ṣe fún mi ni pé ẹni tí ó ṣáájú mi ní ẹ̀ka wa fi ìkéde ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa ní ọjọ́ tí ó jáde gan-an. Kò bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìwé mi ti wà nílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Sòótọ́ Lójú Wọn fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé òfin sọ nìyí, kì í ṣe ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ǹjẹ́ a kì í gbọ́ pé ilé iṣẹ́ kan gba ìyọ̀ǹda àkànṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní wéfà, tí wọ́n sì gba ènìyàn síṣẹ́ láìsí ìkéde nínú ìwé ìròyìn kankan? Bí kò bá sí nǹkan tí ń rùn, kí ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin fi gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ọdún 2023 láti wádìí ọ̀rọ̀ títa iṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba?

Ẹ rántí ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2014. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń wá iṣẹ́ Immigration kún pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, ènìyàn sì kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Ìkéde ni àwọn yẹn tẹ̀lé. Wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀ bí ẹ ṣe ní kí ọmọ yìí ṣe. Ẹni tí ó ní sẹ́nétọ̀ tí yóò fún un ní slọ́ọ̀tì, ìyẹn àyè iṣẹ́, kò sí nínú oòrùn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ olọ́mọ.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Abẹ́rẹ́ fèsì:

Ìwọ Sòótọ́, n kò ní bá ọ jiyàn pé ojúsàájú kò sí. Mo jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, mo sì rí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ láti òkè wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wo ni ìwọ fẹ́ fún ọmọ oníṣòwò gàrí? Kí ó lọ bí sẹ́nétọ̀ ní bàbá?

Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó sọ fún ọ pé ìkéde ti jáde, tí ó ṣàlàyé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ènìyàn nínú ìdánwò, tàbí tí ó bá ọ ka ìwé ìwáṣẹ́ rẹ tí ó sì tọ́ka sí àṣìṣe inú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí yóò yọ orúkọ ọmọ ẹlòmíràn kí ó lè fi tìrẹ rọ́pò. Èyí àkọ́kọ́ kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun sì ni olùkọ́ ọmọ yìí ń sọ. Èkejì ni gbogbo wa mọ̀, ó sì burú débi pé a kò lè fojú rere wo ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ní ti àwọn tí ń ta slọ́ọ̀tì, kí ọmọ yìí gbọ́ ọ dáadáa. Òfin ọdún 2000 tí ó gbé ICPC, àjọ tí ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, dìde kò dá ẹni tí ó san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ẹni tí ó gbà á sí. Ọ̀pọ̀ lára àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń tà ni ó sì jẹ́ ayédèrú, nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ kó ìwé wọn wá fún àyẹ̀wò, ẹni tí ó san owó náà ni yóò dúró síwájú àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó tà á fún un yóò ti pa fóònù rẹ̀.

Olùkọ́ Orí Òkè fèsì:

Mo ń kọ́ni ní yunifásítì, n kì í sì í ṣe olùkọ́ tí ọmọ náà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí irú ènìyàn tí a lè mọ̀, nítorí pé òun gan-an ni ó béèrè, a sì ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, bi àwọn ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton nípa bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1973 ni ó tẹ èsì rẹ̀ jáde. Nínú àwọn tí wọ́n gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ rí iṣẹ́, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó sọ pé àwọn máa ń rí ẹni náà déédéé. Ìdá 55.6 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń rí i, ìdá 27.8 sì ní ó ṣọ̀wọ́n kí àwọn tó fojú kan ara wọn. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro: ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ, nítorí pé ibì kan náà ni ẹ wà. Ẹni tí ẹ pàdé lẹ́ẹ̀kan níbi ìpàdé ẹgbẹ́, tí ó ń gbé ní ìlú mìíràn tí ó sì ń bá àwọn mìíràn rìn, ni ó máa ń gbọ́ ohun tí ìwọ kò lè gbọ́. N kò sọ pé ìlú Newton jọ Iléṣà, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ọ̀rọ̀ náà bá tiwa mu, ó sì yẹ kí ó fún ọmọ tí ẹbí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ rí ní ìrètí, nítorí pé kò pọn dandan kí ẹni tí yóò wúlò fún un jẹ́ ẹbí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó tún ku ohun kan tí ó ń dùn mí. Ní gbogbo ọdún ni àwọn tí wọ́n ti jáde máa ń pè mí pé kí n jẹ́rìí sí wọn lórí fọ́ọ̀mù. N kì í rántí orúkọ wọn. Kí ni mo fẹ́ kọ? Pé ó jókòó nínú kíláàsì tí ènìyàn kún dẹ́nu ọ̀nà? Ẹni tí ó bá wá sí ọ́fíìsì mi ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ọdún kẹta láti bi mí nípa iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tí ó sì mú èyí tí ó kọ wá kí n rí i, èmi yóò rántí rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọdún kẹta ni o wà. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nífẹ̀ fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ orúkọ ibi mẹ́ta sílẹ̀ bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Ìbéèrè mi tí ó kù ni pé báwo ni mo ṣe lè kọ̀wé sí àgbà tí kò mọ̀ mí rí lórí LinkedIn tàbí WhatsApp láìjẹ́ pé mo dà bí alágbe? Mo ti gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnì kan. Mo kọ «Ẹ kú àárọ̀ sà», wọ́n dáhùn pé «Kú àárọ̀». N kò mọ ohun tí mo tún lè sọ.

Ará Mọrèmi Tẹ́lẹ̀ fèsì:

Àbúrò, mo rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń gba irú rẹ̀. Àṣà wa ni kí a kí ènìyàn kí a tó sọ ohun tí ó gbé wa wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí a bá jókòó sínú pálọ̀, mo lè kí ọ, kí n bi ọ́ nípa ìyá rẹ, kí n sì rí i lójú rẹ pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ. Lórí fóònù, n kò rí ojú rẹ. Kí wọn, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ tán nínú iṣẹ́ tí o rán àkọ́kọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá ni wàá fi kọ ọ́, mo lè kọ ọ́ báyìí:

«Ẹ kú iṣẹ́ sà. Lágbájá ni orúkọ mi, mo wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka Public Administration ní Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀yin náà ti kàwé jáde. Mo rí i pé ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí ètò ìṣúná. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lórí bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń ṣètò ìṣúná, mo sì fẹ́ béèrè ohun kan ṣoṣo: nínú ohun tí ẹ kọ́ ní yunifásítì, èwo ni ó wúlò fún yín jù nígbà tí ẹ dé ẹnu iṣẹ́? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ìgbàkígbà tí àyè bá yọ ni kí ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ṣeun sà.»

Kò sí «ẹ bá mi wá iṣẹ́» níbẹ̀. Ẹni tí o béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò bá ní, kò sí ohun tí ó kù fún un láti sọ ju pé kí Ọlọ́run ṣí ọ̀nà. Ẹni tí o béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí nǹkan sọ. Bí ó bá dáhùn, dúpẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, sọ ohun tí o fi ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe fún un. Jọ̀ọ́, má ṣe máa fi àdúrà tí wọ́n ń pín kiri WhatsApp ránṣẹ́ sí i láràárọ̀.

Màmá Ìlódè fèsì:

N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ọmọ yìí tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún yín ní ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́ lè fún yín ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, tàbí lórí fóònù. Bí ó bá ní kí ẹ wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì nígbà tí òun bá wá sí Ifẹ̀, ẹ má lọ. Ẹ mú ọ̀rẹ́ yín dání lọ síbikíbi tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì sọ fún ará ilé. Ẹni tí èyí bá bí nínú kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ẹ mọ̀.

Kọ́pà Lókè Ọya fèsì:

Èmi náà ti Ifẹ̀ jáde, mo sì ń sìnlú lọ́wọ́. Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 yìí a máa gbé ènìyàn kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ bá àwọn tí kì bá tí mọ̀ láéláé. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ tí mo wà ni wọ́n yàn mí sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgùnbánirọ̀ níbẹ̀ a máa buwọ́ lùwé ní òwúrọ̀, wọn a sì bá ọ̀nà tiwọn lọ. Èmi ń dúró. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé àkọsílẹ̀ inú ọ́fíìsì, bí fáìlì ṣe ń rìn láti tábìlì kan dé èkejì, àti ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Ọ̀gá mi kò lè gbà mí síṣẹ́, ó sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò sọ. Ìwọ àbúrò, gba ìwé rẹ kí o tó pé ọgbọ̀n ọdún, nítorí pé ẹni tí ó bá ti kọjá rẹ̀ nígbà tí ó jáde, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọn yóò fún un, kò sì ní ní àǹfààní ọdún yìí.

Ará Ẹnuwá fèsì:

Kí ni ẹ ń wá lọ sí Àbújá? Ẹ wo iwájú ilé yín ná. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín. Nínú ọgbà yunifásítì níbẹ̀ ni orílé-iṣẹ́ NACETEM wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ sì ni, iṣẹ́ wọn dá lórí ìlànà ìjọba nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí ó sún mọ́ ohun tí ọmọ yìí ń kọ́. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ó wà ní Iléṣà jẹ́ ara ilé ìwòsàn ńlá ti OAU, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àkóso sì wà níbẹ̀, kì í ṣe dókítà tí ẹ ń rí nìkan. Kọ lẹ́tà kí ìsinmi tó dé pé o fẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgba owó, kí ẹ̀ka yín sì kọ lẹ́tà kún un. Àwọn kan yóò kọ̀. Bí ó bá sì di àsìkò ọdún Ìwúde, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti gbogbo ìlú wálé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà láàárín wọn.

Sòótọ́ Lójú Wọn fèsì:

Èyí tí Ará Ẹnuwá sọ, mo gbà á. N kò tíì yí ohùn mi padà lórí wéfà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà Nífẹ̀ fèsì:

Ọlọ́run yóò bá mi san ín fún yín. Mo ti bá olùkọ́ tí yóò máa tọ́ mi sọ́nà lórí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n sì gbà láti kọ lẹ́tà sí NACETEM fún mi. Ó ku ohun kan, Bàbá: ǹjẹ́ mo lè fi orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, sórí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò jẹ́rìí sí mi?

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Abẹ́rẹ́ fèsì:

Rárá, ẹbí rẹ ni wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni ìṣòro. Fi orúkọ olùkọ́ rẹ yìí sí i, kí o wá ẹnì kejì ní ibi tí o bá ti ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, kí o sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí o tó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, bi wọ́n ta ni àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ tí wọ́n ti di òṣìṣẹ́ ìjọba báyìí. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa rántí wọn.